Èdè Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Ọkùnrin àti Lẹ́nu Obìnrin

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé Gẹ̀ẹ́sì obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin. Wọ́n ní ti obìnrin a máa rọ̀, ti ọkùnrin a sì máa le. Nítorí náà, bí ọmọbìnrin bá ń sọ ọ́ níwájú àlejò, a ó ní kí ó rọra. Bí ó bá ṣe ọmọkùnrin, a ó ní kí ó gbé ohùn sókè. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ wa wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti wádìí rẹ̀ láàrin àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè ìyá wọn. Ní 1968, Peter Trudgill fi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn 60 lẹ́nu wò ní ìlú Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí i pé àwọn obìnrin a máa pe ìparí ọ̀rọ̀ bíi “going” gẹ́gẹ́ bí ìwé ti wí ju àwọn ọkùnrin lọ. Àwọn ọkùnrin a máa gé e kúrú. Èyí tí ó pani lẹ́rìn-ín ni pé púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin náà wí fún un pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn jìnnà sí ti ìwé ju bí ó ti rí gan-an lọ!

Ní 1975, Robin Lakoff, obìnrin kan tí í ṣe olùkọ́ ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé lórí èdè àti ipò obìnrin. Ó ní láti kékeré ni a ti ń kọ́ obìnrin láti máa fi ìbéèrè ti ọ̀rọ̀ nídìí, bí ẹni tí ó wí pé, “Ó tutù lónìí, àbí kò tutù?” Ó ní wọn a sì máa fi “ó jọ bí ẹni pé” ṣáájú ohun tí ó dá wọn lójú.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó tẹ̀lé e. William O'Barr àti Bowman Atkins lọ tẹ́tí sí àwọn ẹlẹ́rìí ní ilé ẹjọ́ ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà kan náà, wọ́n sì gbé àbọ̀ wọn jáde ní 1980. Wọ́n rí ọkùnrin mẹ̀kúnnù tí ń sọ̀rọ̀ bí èyí tí wọ́n ní ó jẹ́ ti obìnrin. Wọ́n sì rí obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, tí ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ketekete. Wọ́n ní ipò àti ìmọ̀ ni ó ń yí ahọ́n padà ju jíjẹ́ obìnrin lọ. Ìwádìí mìíràn sì fi hàn pé bí ẹlẹ́rìí bá ń ṣe iyèméjì lẹ́nu, àwọn olùgbọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́, bí ẹ̀rí rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Èyí kò ṣe àjèjì sí wa. “Ó dé” ni Yorùbá ń wí, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá jù wá lọ, “wọ́n dé” ni. Ipò ni èdè wa pẹ̀lú ń wò.

Ẹ rántí Súrátùl Mùjádílà, súrà 58 nínú Àlùkùránì, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára obìnrin tí ó gbé ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ tọ Ànábì lọ, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a. Obìnrin náà kò ṣe iyèméjì lẹ́nu, Ọlọ́run sì gbọ́ ohùn rẹ̀, Ó sì sọ ìdájọ́ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ńláńlá ń wá bèèrè ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìyá wa Àíṣátù.

Nítorí náà, bí ẹ bá ra ìwé fún ọmọkùnrin, ẹ ra fún ọmọbìnrin. Kí àwọn méjèèjì máa kà á sókè nílé, kí bàbá má ṣe já ọmọbìnrin lẹ́nu gbà. Ìwà pẹ̀lẹ́ yẹ ọkùnrin, ó yẹ obìnrin. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ bá fi ojú ara rẹ̀ rí, ẹ kọ́ ọ kí ó wí pé òun rí i, kí ó má ṣe wí pé ó jọ bí ẹni pé òun rí i. Ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò dá dúró níwájú dókítà, ọ̀gá iṣẹ́ tàbí adájọ́, tí ìwọ ìyá rẹ̀ kò ní sí nítòsí láti bá a wí i.

Kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wa ní ẹnu òtítọ́. Àmín.