Ta Ló Mọ Orúkọ Odò Yẹn?

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé Scotland, ẹ ti rí pátákó ojú ọ̀nà tó ní èdè méjì lára. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì kọ Inverness sí, Gaelic á kọ Inbhir Nis, ìyẹn ẹnu odò Ness. Àwọn kan nínú wa ní owó ìlú ni wọ́n ń fi ṣòfò, torí nínú ìkànìyàn 2022, àwọn tó ń sọ Gaelic ní Scotland kò tó 70,000. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, torí ìtàn ló wà nínú orúkọ.

Ní ọ̀rúndún 19, nígbà tí Ordnance Survey, ilé iṣẹ́ tó ń ya máàpù Britain, ń wọn ilẹ̀ Scotland, ìwé kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ń pè ní Name Book. Wọ́n á kọ orúkọ òkè tàbí odò sí i, wọ́n á kọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gbà kọ ọ́, wọ́n á sì kọ orúkọ ẹni tó jẹ́rìí sí i. Apá ẹlẹ́rìí yẹn wù mí púpọ̀. Ibẹ̀ náà ni àbùkù iṣẹ́ ọ̀hún sì wà: onílẹ̀, àlùfáà àti tíṣà ni wọ́n sábà ń gbà gbọ́ ju darandaran tó ń gun òkè náà lójoojúmọ́ lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, darandaran ló ni ìtàn ibẹ̀. Ẹ wo orúkọ tó bá ní àirigh nínú. Àgọ́ ni, ibi tí àwọn obìnrin àtọmọdé ń da màlúù lọ nígbà ooru, tí wọ́n á máa fún wàrà, tí wọ́n á máa ṣe bọ́tà àti wàràkàṣì. Nígbà tó yá, àwọn onílẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò lórí ilẹ̀ náà kí àgùntàn lè rí ibi jẹ̀. Àgọ́ ti wó, orúkọ ò kúrò lórí máàpù. Orúkọ míì sì ń sọ bí ilẹ̀ ṣe rí: àwọn òkè tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Cairngorms, Am Monadh Ruadh ni Gaelic ń pè wọ́n, òkè pupa. Òkúta ibẹ̀ sì pọ́n lóòótọ́. Kì í ṣe máàpù nìkan ló sì ń tọ́jú irú ìmọ̀ yìí: láti 1951 ni School of Scottish Studies ní Edinburgh ti ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Nílé ńkọ́? Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí 1830, orúkọ ìlú tí ogun ti fọ́ ni wọ́n fi sọ àdúgbò wọn: Aké, Kémta, Igbẹ̀ìn. Ìwọ̀nyí ò ní sọnù. Odò kéékèèké, ọ̀nà oko àti ahoro ló ń bà mí lẹ́rù, àwọn tí ẹ̀sítéètì tuntun ń bò mọ́lẹ̀, tí wọ́n á wá máa jẹ́ "Phase 2". Èyí tó bá sì dé orí pátákó, kò ní àmì ohùn: ta ló máa mọ̀ bóyá "Odo" tí wọ́n kọ síbẹ̀, odò ni tàbí odó?

Àwọn ará Scotland lówó jù wá, ṣùgbọ́n ẹni tó lè sọ ìtumọ̀ orúkọ ti ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ wọn. Tiwa ṣì wà láàyè, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń lọ sílé lọ́dún Kérésì, ẹ bẹ bàbá tàbí ìyá àgbà kí wọ́n mú yín dé oko. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ tiwọn síbẹ̀ bí ẹlẹ́rìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de ìjọba.