Kò Sí Ohun Tó Tutù Nínú Tutu

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí àríyànjiyàn kan. Tutu, yẹ̀rì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn obìnrin oníjó bálẹ́ẹ̀tì máa ń wọ̀, kò bá tútù tiwa tan rárá. Ìró lásán ló pa wọ́n pọ̀. Èdè Faransé ló ni ín, ẹnu àwọn ọmọdé ló sì ti jáde. Bí ọmọ Faransé bá fẹ́ sùn, wọ́n á ní ó fẹ́ ṣe dodo (ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ o). Bó bá fara pa, bobo ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni cul, tó túmọ̀ sí ìdí, ṣe di cucu, tí cucu sì di tutu. Àlàyé tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ìwé atúmọ̀ èdè wọn nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì mofọ́lọ́jì, ẹ mọ iṣẹ́ tí àpètúnpè ń ṣe.

Ọdún 1881 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí orúkọ aṣọ oníjó. Aṣọ fúnra rẹ̀ ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún nígbà náà. Lójú tèmi, orúkọ yìí ti jẹ́ ká mọ ibi tí ojú àwọn tó sọ ọ́ wà. Ìdí ni wọ́n ń wò. Wọn kò wo ẹni tó wọ aṣọ.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1832, Marie Taglioni jó La Sylphide ní Opéra ìlú Párísì. Bàbá rẹ̀, Filippo, ló ṣètò ijó náà. Iwin ni Taglioni, yẹ̀rì rẹ̀ rí bí agogo, ó sì gùn kọjá orúnkún díẹ̀. Nǹkan méjì ló mú kí aṣọ yẹn gbayì. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ: ní ọdún 1809, John Heathcoat ti gba ẹ̀tọ́ sí ẹ̀rọ tó ń hun aṣọ nẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n ti ń fọwọ́ hun tẹ́lẹ̀ sì wá pọ̀ lọ́jà. Èkejì ni iná gáàsì, tó ti wọ Opéra láti ọdún 1822. Bí ìmọ́lẹ̀ gáàsì bá bà lé aṣọ funfun tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn á rí bí èéfín. Nígbà tí Carlotta Grisi fi máa jó Giselle ní 1841, aṣọ funfun ti di aṣọ àwọn òkú ọmọge lórí ìtàgé.

Ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n tò lé ara wọn tí afẹ́fẹ́ sì wà láàárín, nítòsí iná tí kò ní ìbòrí, kí la ń pe ìyẹn? Ẹ̀tù ni. Clara Webster gbiná lórí ìtàgé Drury Lane ní Lọ́ńdọ́nù ní oṣù Kejìlá 1844, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ní Filadẹ́fíà ní 1861, aṣọ oníjó kan gbiná, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sáré láti gbà á là, iná náà sì ràn mọ́ àwọn náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kú.

Èyí tí mi ò lè gbójú fò ni Emma Livry. Taglioni fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, òun ló sì ṣètò Le Papillon fún un ní 1860, ìtàn labalábá tí iná jó ìyẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá 1862, níbi ìdánrawò La Muette de Portici, níbi tó ti ń ṣe ọmọbìnrin odi, yẹ̀rì rẹ̀ kan iná gáàsì. Oṣù mẹ́jọ ló fi jẹ̀rora. Ó kú ní oṣù Keje 1863, kò tíì ju ẹni ogún ọdún lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi kún ìtàn yìí ló ń bí mi nínú: wọ́n á ní òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Òótọ́ ni pé kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí iná tètè ràn mọ́ aṣọ ti wà. Ọ̀gbẹ́ni Carteron ló ṣe é, ìjọba Faransé sì ti pàṣẹ ní 1859 pé kí wọ́n máa lò ó. Òótọ́ ni pé Livry kọ̀wé pé òun ò fẹ́. Ṣùgbọ́n kẹ́míkà yẹn máa ń mú aṣọ gan, ó sì máa ń sọ funfun di ràkọ̀ràkọ̀. Ta ló máa sanwó wo iwin tó wọ aṣọ gígan? Àwọn ọkùnrin olówó tó ń san àsansílẹ̀ ní Opéra, tí wọ́n láṣẹ láti wọ yàrá tí àwọn oníjó ti ń múra, àbí? Iṣẹ́ ọmọ náà ni pé kó fúyẹ́. Bí kò bá fúyẹ́ mọ́, ẹlòmíràn wà nílẹ̀. Àṣẹ ìjọba wà, àwọn aláṣẹ ilé ìtàgé mọ̀ ọ́n, wọ́n sì gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún, wọ́n jẹ́ kó máa jó lọ. Ẹni tó ní iná ni kí ẹ bi léèrè, ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, yẹ̀rì kúrú. Virginia Zucchi, ará Ítálì, wọ èyí tó kúrú gan-an nígbà tó lọ jó ní St. Petersburg ní 1885. Àwọn kan á ní nítorí ojú ọkùnrin náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà ijó àwọn ará Ítálì ti le sí i nígbà yẹn. Nígbà tí Pierina Legnani yípo ní ẹ̀ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n lórí ẹsẹ̀ kan nínú Swan Lake ní 1895, àwọn èèyàn ní láti rí ẹsẹ̀ náà. Iná mànàmáná náà ti dé: ọdún 1881 yẹn kan náà ni Savoy Theatre ṣí ní Lọ́ńdọ́nù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé àsìkò tí iná gáàsì ń kógbá sílé ni aṣọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba orúkọ.

Àwòrán Taglioni pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń léfòó bí òwú. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú aṣọ Emma Livry náà ṣì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Opéra ní Párísì: àkísà díẹ̀ tí iná ti jó. Ẹ wá àwòrán ìyẹn náà, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti Taglioni.