Irin Iṣẹ́ Àtijọ́, Iṣẹ́ Titun



Ní Òsì níhìn-ín, agogo ìjọ ni ó máa ń jí wa. Lẹ́yìn àdúrà, a ó mú gègé àti ìwé. A rò pé èyí tó. Ní oṣù tí ó kọjá, ọmọbìnrin wa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti Èkó sínú fóònù wa pé òun wà lórí àkéte àìsàn. Ojú tì wá láti bẹ ọmọdé kí ó ṣí i fún wa. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi wà níbẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ara rẹ̀ ti yá.

Nígbà náà ni a rántí George Bándélé, ọmọ Àreògún, agbẹ́gilére ìlú wa. Ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ náà nígbà tí ó lọ bá Fádà Kevin Carroll ti ìjọ Àgùdà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Síbẹ̀ ó tẹ́tí sí ìtàn titun, ó sì fi irin iṣẹ́ àtijọ́ gbẹ́ ère ìbí Olúwa.

Gègé kò kúrò lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ-ọmọ wa ń kọ́ wa ní fóònù. Ìwọ àgbà tí ń ka èyí, ta ni ń retí èsì rẹ?