Ẹ má fi ẹ̀dà dátábéèsì tí kò pé tan ara yín

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ áàpù fáwọn oníṣòwò Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Iná tó jó ilé NET ní Marina lọ́dún 1983 ti kọ́ wa lọ́gbọ́n: ẹ ní server kejì. Ohun tó ń bí mi nínú ni báwọn kan ṣe ń kó fáìlì dátábéèsì nígbà tíṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀, tí wọ́n á ní àwọn ti ní ẹ̀dà. Irọ́ ni o! Ta ló ń ka ọjà ní Ìdúmọ̀tà nígbà tí oníbàárà ṣì ń kó o lọ? Owó á ti kúrò lọ́wọ́ Àlàjá, kò ní tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́ sí.

Kò sì dìgbà tẹ́ ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù. Lórí MySQL, bí tábìlì yín bá jẹ́ InnoDB, mysqldump pẹ̀lú --single-transaction á mú gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀, títà-rírà á sì máa lọ. Ẹ fi --source-data kún un kó lè kọ ibi tí log dé sílẹ̀; ibẹ̀ ni server kejì á ti máa bá a lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó méjèèjì sílé kan náà. Bí ọ̀kan bá wà ní Ìdúmọ̀tà, kí èkejì wà ní Ìkẹjà.