Fíìmù Àtijọ́ Lójú Tẹlifíṣọ̀n Tuntun

Ní Ìsuadà, nítòsí Ọ̀wọ̀, bí àwọn ọmọ tí ń gbé Èkó bá wálé ọdún, ẹlòmíràn nínú wọn a gbé tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tuntun wá fún òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo fíìmù tí ó wà nílé, ti àtijọ́ ni: Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 1999, àti àwo ìgbéyàwó ẹbí. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ìyá àgbà kan tí òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ jọ ń wo irú àwo ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Baba àgbà, tí ó ti papò dà kí wọ́n tó bí ọmọ náà, yọ sí agbo ijó. Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní: “Màmá, ṣé báyìí ni Bàbá àgbà ṣe sanra tó?” Ìyá àgbà dá a lóhùn pé òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ọkọ òun títí ó fi lọ. Òótọ́ ni ó sọ; tẹlifíṣọ̀n ni ó purọ́.

Láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, bí ìbú àwòrán bá jẹ́ 4, gíga rẹ̀ a jẹ́ 3. Ti òde òní jẹ́ 16 sí 9. Bí ènìyàn bá fẹ́ kí àwòrán àtijọ́ kún un dé etí méjèèjì, ẹ̀rọ náà a fà á sí ẹ̀gbẹ́, tí èjìká tí ó yẹ kí ó fẹ̀ ní íńṣì 18 yóò fi di 24. Nínú Ṣaworoidẹ, ìlù tí gbogbo ìtàn náà rọ̀ mọ́ a wú bí ìkòkò, adé ọba a sì fẹ̀ bí akẹtẹ̀.

Àwọn mìíràn a sọ àwòrán náà di ńlá láìfà á. Ìyẹn kò sàn jù: ìdámẹ́rin rẹ̀ a sọnù lókè àti nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀n fi ń lóye fíìmù náà.

Ẹni tí kò gbà lè bèèrè pé kí ni òun sanwó ojú gbàǹgbà fún, bí dúdú bá gba ìdámẹ́rin rẹ̀. Ó dára. Àwọn orí amọ̀ tí Ekpo Eyo wú nílẹ̀ ní Igbó'Lájà, ní Ọ̀wọ̀, ní ọdún 1971, ta ni ó jẹ́ tẹ̀ wọ́n kí wọ́n lè kún àpótí wọn? Fífà kò sì fi ohunkóhun kún inú àwo. Àwòrán VCD kò ju ẹyọ tóótòòtó 352 níbùú àti 288 lóòró; ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun ní 1920 àti 1080. Bí wọ́n bá ti ń fà á tó ni yóò máa ṣe bàìbàì tó.

Kí wọ́n fi rìmóòtù yan 4:3. Àwọn àwo mìíràn wà tí wọ́n ṣe fún ojú gbígbòòrò. Ìwọ̀nyí ni 4:3 yóò sọ ènìyàn inú wọn di tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Ohun róbótó ni adájọ́: táyà ọkọ̀, abọ́ oúnjẹ, òṣùpá àrànmọ́jú. Bí iná bá sì lọ tí ó tún dé, àwọn tẹlifíṣọ̀n kan a gbàgbé ohun tí wọ́n yàn fún wọn. Kí ọmọ tí rìmóòtù wà lọ́wọ́ rẹ̀ tún un tẹ̀, kí Bàbá àgbà tó jó jáde.