Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Luxembourg Láàárín Àwọn Àgbà Yúróòpù

Ní oṣù Keje ọdún 1952, àwọn mínísítà orílẹ̀-èdè mẹ́fà fi gbogbo òru jiyàn ní ìlú Paris. Wọ́n ti dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó èédú àti irin wọn, àjọ tó padà di Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìlú tí wọn yóò fi ṣe ibùjókòó rẹ̀. Bẹ́ljíọ̀mù ní Liège ni dandan. Faransé ní Strasbourg. Oníkálukú ní ìlú tirẹ̀ lẹ́nu, kò sì sí àgbà tó fẹ́ kí àgbà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lọ. Nígbà tó ti rẹ gbogbo wọn, tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, Joseph Bech, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Luxembourg, dá a lábàá pé kí iṣẹ́ kúkú bẹ̀rẹ̀ ní ìlú òun fúngbà díẹ̀, kí wọ́n lè fara balẹ̀ ro ìyókù. Gbogbo wọn gbà. Kò sẹ́ni tó lè bínú sí i, nítorí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù Luxembourg.

Orílẹ̀-èdè tí à ń sọ yìí kò tó ìpínlẹ̀ Èkó ní fífẹ̀, bẹ́ẹ̀ Èkó ló kéré jù nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà. Gbogbo àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò tó 700,000. Síbẹ̀, "ìgbà díẹ̀" tí Bech wí yẹn kò tán mọ́. Títí dòní, Kóòtù Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù wà lórí òkè Kirchberg ní olú-ìlú Luxembourg, báńkì àjọ náà wà níbẹ̀, àwọn tó ń yẹ ìwé owó rẹ̀ wò náà wà níbẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí a bá pa òwe yìí, ìdajì àkọ́kọ́ ló máa ń tètè yé ènìyàn: ọmọdé kúrú, àgbà ni yóò bá a mú ohun tó wà lókè. Ìdajì kejì ni mo fẹ́ ká dúró tì. Kèrègbè ẹmu gbòòrò nísàlẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì há. Bí nǹkan bá já sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ agbára kọ́ mọ́. Àgbà tó bá fi tipá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, fífọ́ ni yóò fọ́ ọ. Àìlókun kọ́ ni kò jẹ́ kí ọwọ́ àgbà wọlé, títóbi rẹ̀ gan-an ni. Òwe yìí kò wá bẹ̀bẹ̀ pé kí a ṣàánú ọmọdé. Ohun tó ń sọ ni pé iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bí ọmọdé kò bá sí nílé, kò ní ṣeé ṣe.

Kí Luxembourg tó mọ kèrègbè tirẹ̀, ojú rẹ̀ rí màbo lábẹ́ pẹpẹ. Ní ọdún 1867, Faransé àti Prussia fẹ́rẹ̀ẹ́ tìtorí rẹ̀ jagun. Àwọn alágbára Yúróòpù bá pàdé ní London, wọ́n ní kí wọ́n wó odi ńlá tó yí ìlú náà ká, kí Luxembourg má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́, wọ́n sì ṣe ìlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Ìmọ̀ràn tí à ń fún ọmọdé nígbà tí àwọn àgbà bá ń jà náà ni: lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Luxembourg dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun Jámánì wọlé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1940, wọ́n tún wọlé, Charlotte, obìnrin tó wà lórí oyè, sì sá kọjá sí Faransé lọ́jọ́ náà gan-an kí ọwọ́ má baà tẹ̀ ẹ́. Ìwé 1867 kò dá ẹnìkan ṣoṣo dúró lẹ́nu ibodè.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ló wù mí jù nínú ìtàn wọn. Wọn kò jókòó sunkún ìlérí tí kò ṣẹ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944, nígbà tí ìjọba wọn ṣì wà ní ìgbèkùn ní London, wọ́n bá Bẹ́ljíọ̀mù àti Nẹ́dálándì fọwọ́ sí àdéhùn àìgba owó ibodè lọ́wọ́ ara wọn, èyí tí a mọ̀ sí Benelux. Ní 1945 wọ́n wà lára àwọn tó dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀. Ní 1948 wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àìgbè-sẹ́yìn-ẹnikẹ́ni kúrò nínú ìwé òfin wọn. Nígbà tó fi máa di 1949, wọ́n ti fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ NATO àti ti Ìgbìmọ̀ Yúróòpù. Láàárín ọdún márùn-ún, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ní kó dá dúró ti wà nínú gbogbo ìpàdé tó ṣe pàtàkì. Ó ti kọ́ ọ pé ìlérí àgbà kò lè bá ọmọdé tó pẹpẹ. Àfi kí ọmọdé náà wà nínú ilé, lójú àwọn tí yóò bá a na ọwọ́.

Ó wá ku iṣẹ́ tí òun náà yóò máa ṣe nínú ilé. Mo ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn máa sọ pé Luxembourg kàn ń jẹ àǹfààní kíkéré rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọwọ́ kékeré tí kò bá mọ ohun tó ń wá yóò kàn máa fọwọ́ ra inú kèrègbè lásán ni. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ níbẹ̀: èdè ìlú wọn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ nílé, wọn a fi èdè Jámánì kọ́ ọ ní ìwé kíkà, wọn a tún fi Faransé kún un kó tó dàgbà. Nígbà tí Paris àti Berlin bá ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀, ọmọ Luxembourg ń gbọ́ ti ọ̀tún, ó ń gbọ́ ti òsì, kò nílò ògbufọ̀. Àní Robert Schuman, mínísítà Faransé tó gbé àbá àjọ èédú àti irin náà jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1950, àdúgbò Clausen ní Luxembourg ni wọ́n bí i sí.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sáré wá bá wọn nígbà tí nǹkan bá dí. Ní 1965, Faransé bínú kúrò níbi ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fà náà, ó fi àga rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo fún oṣù mélòó kan. Luxembourg ni wọ́n ti parí ìjà náà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, Pierre Werner tó jẹ́ olórí ìjọba níbẹ̀ ló sì darí ìpàdé. Werner yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé àbá ní 1970 lórí bí Yúróòpù ṣe lè ná owó kan ṣoṣo, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí owó euro tó dé ọwọ́ ará ọjà. Ọmọ Luxembourg mẹ́ta ló ti jẹ ààrẹ àjọ tó ń ṣàkóso Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù: Gaston Thorn, Jacques Santer àti Jean-Claude Juncker.

Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní kí n fi ibì kan ṣoṣo han òun tí òwe yìí ti ṣẹ lójú gbogbo ayé, New York ni n ó mú un lọ, sí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ọdún 2014. Ogun Síríà ti ń lọ láti 2011. Àwọn ènìyàn wà láàárín ìlú tí wọ́n ti sé mọ́, oúnjẹ kò wọlé, oògùn kò wọlé. Gbogbo ìwé tí àwọn alágbára ìwọ̀ oòrùn bá gbé síwájú láti bá ìjọba Síríà wí, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà a tẹ̀ ẹ́ rì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ kí 2012 tó parí. Bí Amẹ́ríkà bá kọ ìwé, Rọ́ṣíà a ní ètekéte ni. Bí Rọ́ṣíà bá sọ̀rọ̀, Amẹ́ríkà a ní irọ́ ni. Agbára pọ̀ nínú yàrá yẹn débi pé kò sí ọwọ́ tó lè wọlé.

Luxembourg ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí àga ìgbìmọ̀ náà ní 2013 ni, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti dá àjọ náà sílẹ̀. Òun, Ọsirélíà àti Jọ́dánì pawọ́ pọ̀ kọ ìwé mìíràn. Wọn kò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi ogun, wọn kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kúrò lórí oyè. Kí oúnjẹ àti oògùn ráyè kọjá ni ọ̀rọ̀ wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2014, orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nawọ́ sókè fún ìwé náà, nọ́ńbà 2139, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà wà lára wọn. Ní oṣù Karùn-ún, Faransé gbé ìwé tirẹ̀ wá, ó fẹ́ kí wọ́n gbé ẹjọ́ Síríà lọ sí Kóòtù Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé. Rọ́ṣíà àti Ṣáínà tẹ̀ ẹ́ rì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, Luxembourg, Ọsirélíà àti Jọ́dánì tún padà wá pẹ̀lú ìwé 2165, tó sọ ọ́ di òfin pé kí ọkọ̀ ìrànwọ́ gba ẹnubodè mẹ́rin wọ Síríà láìjẹ́ pé ìjọba Damascus kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ìyẹn náà kọjá, ohùn kan náà. Láìpẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù ti ń ti Tọ́kì wọlé. Ogun kò tìtorí rẹ̀ parí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tún kú lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀ ìyá tí wọ́n gbé àpò ìyẹ̀fun fún lọ́dún náà mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwé tó kọjá àti ìwé tí wọ́n tẹ̀ rì.

Ti NATO kò gba ẹnu púpọ̀. Àjọ náà ní ọkọ̀ òfurufú ńlá tó ń ti òkè ṣọ́ ojú sánmà, wọ́n fi Geilenkirchen ní Jámánì ṣe ibùdó. NATO kì í ṣe orílẹ̀-èdè, kò sì lè fi orúkọ ara rẹ̀ forúkọ ọkọ̀ òfurufú sílẹ̀. Luxembourg, tí kò ní ọmọ ogun òfurufú nígbà náà, ló bá wọn forúkọ wọn sílẹ̀. LX ló wà lára ìrù wọn.

N kò ní fi ibi tó dùn nìkan pa òwe yìí. Ọwọ́ tó wọ kèrègbè lè bu ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, bí ọ̀rọ̀ bá kan owó orí, gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbọ́dọ̀ gbà kí òfin tó yí padà, "rárá" ẹnìkan ṣoṣo sì ti tó láti dá a dúró. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Luxembourg wà lára àwọn tó ń sọ "rárá" yẹn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, àwọn oníròyìn orílẹ̀-èdè púpọ̀ tú àṣírí àdéhùn tí ìjọba rẹ̀ bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe, tó jẹ́ kí owó orí tí wọ́n ń san kéré jọjọ. Owó tí ìbá wọ àpò ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn, tí ìbá kọ́ ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, ló gba ibẹ̀ yọ́ lọ. Juncker tó ṣe olórí ìjọba Luxembourg láti 1995 sí 2013 ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sórí àga ààrẹ àjọ tó ń ṣàkóso Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní oṣù yẹn gan-an. Ìwà tí kò dára ni, kò sì yẹ kí kíkéré di àwáwí fún un.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ inú ilé ti gbà kí ilé bá a wí. Kóòtù ìlú Luxembourg dá ọ̀kan nínú àwọn tó kó ìwé náà fún oníròyìn lẹ́bi, ó sì bu owó ìtanràn lé e. Ọkùnrin náà gbé ẹjọ́ lọ sí Kóòtù Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg, kóòtù Ìgbìmọ̀ Yúróòpù tí Luxembourg wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1949. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2023, àwọn adájọ́ níbẹ̀ sọ pé Luxembourg ló jẹ̀bi, pé ó fi ẹ̀tọ́ sísọ̀rọ̀ du ọkùnrin náà.

Orúkọ abúlé Luxembourg kan wà tí gbogbo wa mọ̀, bí ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé abúlé ni. Ẹni tó bá ti kó ìwé báńkì àti ìwé iṣẹ́ kiri Èkó tàbí Kútọnu nítorí físà Schengen ti pe orúkọ náà títí. Etí odò Moselle ni Schengen wà, níbi tí Luxembourg, Faransé àti Jámánì ti fẹnu kora. Inú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Princesse Marie-Astrid, lórí odò náà, ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè márùn-ún ti fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1985 pé àwọn yóò mú àyẹ̀wò kúrò lẹ́nu ibodè ara wọn. Orílẹ̀-èdè mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀ báyìí.

Luxembourg ni kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Lójoojúmọ́, àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 200,000 ń ti Faransé, Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀mù wọ ibẹ̀ wá ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń padà sílé lálẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Jámánì dá àyẹ̀wò padà sí gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀, ó ní nítorí àwọn tó ń wọlé láìgbàṣẹ. Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ dúró, nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ sì ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Luxembourg kò ní ọmọ ogun tó máa kó lọ síbẹ̀, kò sì wá a. Nígbà tí Jámánì tún sún àyẹ̀wò náà síwájú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìjọba Luxembourg kọ ẹ̀hónú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ tó ń ṣàkóso Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní Brussels, ó ní àdéhùn tí gbogbo wọn jọ fọwọ́ sí ni Jámánì ń yẹ̀.