Kajú Ṣeé Dá Dúró ní Bodè, Jíìnì Kò Ṣeé Dá Dúró

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó kajú tí wọn kò tíì là gba bodè jáde. Àgbẹ̀ Bantè àti ti Savalou, níbi tí kajú pọ̀ sí, mọ ìdí òfin náà: ẹni tó bá la kajú ló ń jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà tí aṣọ́bodè kankan kò lè rí nínú ẹrù, ìyẹn jíìnì, àkọsílẹ̀ tí ara ẹ̀dá ń tẹ̀ lé.

Nínú ọ̀sà lọ́nà Ouidah ni ẹ̀dá oníkarawun méjì tí àwọn ẹlédè Faransé ń pè ní huître ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi. Omi ló ń sẹ́ jẹun, bakitéríà sì kún inú omi ọ̀hún. Lára ohun tó fi ń gbèjà ara rẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ lysozyme. Irú rẹ̀ ni Alexander Fleming rí nínú ikun imú lọ́dún 1922, ọdún mẹ́fà kó tó kan pẹnisílíìnì, ó sì wà nínú funfun ẹyin adìẹ. Ṣe ló ń gé ohun tó so ògiri ara bakitéríà pọ̀, títí bakitéríà á fi bẹ́. Ti huître tiẹ̀ tún ní àrà tirẹ̀: ẹ̀yà lysozyme kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé ó ń bá a da bakitéríà bí oúnjẹ ni. Ọ̀tá di ọ̀bẹ̀!

Kò sẹ́ni tó máa lọ huître bí ata nítorí ẹ́ńsáìmù yìí. Wọ́n á ka jíìnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi sínú ìwúkàrà, ìwúkàrà á sì máa ṣe ẹ́ńsáìmù náà nínú àgbá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ bakitéríà di alágbàṣe tó ń ṣe ínsúlínì èèyàn lọ́dún 1978, tí Amẹ́ríkà sì gbà kí wọ́n máa tà á ní 1982. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Huître kan péré tó láti ka jíìnì, lẹ́tà rẹ̀ á sì ti gba íntánẹ́ẹ̀tì dé Jámánì kí ọkọ̀ kajú tó kúrò ní Bantè.

Àwọn kan á ní lysozyme kò lè rọ́pò oògùn èèyàn, pé bakitéríà tó bá ní awọ lókè ògiri kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù rẹ̀. Òótọ́ ni. Nítorí náà, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú oúnjẹ adìẹ àti ẹja, níbi tí àńtíbàyótíìkì ti ń ṣòfò. Lọ́dún 2019, bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ pa èèyàn mílíọ̀nù 1.27 lágbàáyé, gẹ́gẹ́ bí ìwé ìṣègùn Lancet ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2022. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló sì wúwo jù fún, tí a bá fi iye èèyàn ibẹ̀ wò ó.

Savalou jìnnà sí òkun tó nǹkan bí 180 kìlómítà, àgbá kò sì nílò òkun. Àwọn obìnrin tó ń fi ọkà bàbà pọn ọtí tchakpalo níbẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná kí tòní lè ru. Ìwúkàrà kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wọn. Ìjọba ti rí àyè fún ilé iṣẹ́ kajú ní Glo-Djigbé. Kí ó fi àgbá kan àti yàrá ìwádìí kan kún un, kí Yunifásítì Abomey-Calavi fi akẹ́kọ̀ọ́ síbẹ̀, kí wọ́n sì pe méjì nínú àwọn ìyá ọlọ́tí Savalou wá.